Ẹ ti fojú inú débẹ̀ kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ débẹ̀: Ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí àyà oníṣòwò já

Ọ̀pọ̀ owó tí oníṣòwò kéékèèké ń pàdánù, olè kọ́ ló jí i, kì í sì í ṣe pé ọjà kò tà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ nù láàárín ìṣẹ́jú méjì péré, lọ́jọ́ tó jókòó síwájú ẹni tó fẹ́ẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún un, tàbí síwájú òṣìṣẹ́ báńkì tó fẹ́ẹ́ yá a lówó, tí àyà rẹ̀ já, tó sì gbà sí ohun tí kò yẹ kó gbà sí.

Ká mú télọ̀ kan ní Òmù-Àrán ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin ni, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, ó sì ti ń ránṣọ láti bí ọdún mẹ́wàá. Iléèwé aládàáni kan ránṣẹ́ sí i pé kó wá gba iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù 150. Kó tó kúrò nílé, ó ti ṣírò ẹ̀ dáadáa: aṣọ, òwú, bọ́tìnnì, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oúnjẹ àwọn ọmọ iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á ná an ní ₦5,200 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. ₦6,500 ló fẹ́ẹ́ pè é. Bí wọ́n bá ná an títí, kò ní í wálẹ̀ ju ₦6,000 lọ. Ìṣirò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, wọ́n fi í jókòó sí kọ́rídọ̀ fún wákàtí kan. Ó rí télọ̀ mìíràn tó ń jáde láti inú ọ́fíìsì, tó ń rẹ́rìn-ín. Kò tíì jókòó tán tí màdáámù tó ni iléèwé fi sọ fún un pé, "Àǹtí télọ̀, ẹ sọ jálẹ̀ o. Ẹni tó jáde lẹ́ẹ̀kan yẹn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lòun máa gbà á."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹnu ẹ̀ gbẹ, òógùn bò ó, ohun tó sì jáde lẹ́nu ẹ̀ ni, "Kò burú, mà. Mo gbà."

Ó di ìgbà tó wà lórí ọ̀kadà tó ń padà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó rántí pé igba náírà lòun máa yọ látinú àpò ara òun fi kún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. ₦200 lọ́nà 150, ₦30,000 nìyẹn. Bó bá dúró lórí ₦6,000 tó ti pinnu nílé, èrè ₦120,000 ni ì bá jẹ. Bí wọ́n bá sì lé e padà, kò ní í jẹ èrè, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ gbèsè pẹ̀lú.

Télọ̀ yìí mọ ìṣirò. Iye owó ló múra ẹ̀ sílẹ̀. Kò rántí pé ó yẹ kóun náà múra ara òun sílẹ̀ fún ọ́fíìsì yẹn.

Nígbà tí ìbẹ̀rù bá dé, ara èèyàn a máa ṣe bíi pé ẹkùn ló yọ sí i. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kì-kì-kì, èémí á máa yára, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sínú iṣan ẹsẹ̀ àti apá kéèyàn lè sá tàbí kó jà. Ó dáa bó bá jẹ́ ẹkùn ni lóòótọ́. Níwájú màdáámù tó ni iléèwé, ẹsẹ̀ kọ́ lèèyàn nílò. Apá ibi tí ọpọlọ fi ń ṣírò, tó sì fi ń ṣe sùúrù, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú mọ́tò tó ń gbéni padà wálé lèèyàn ti sábà máa ń rántí èsì tó yẹ kó fọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ìbẹ̀rù ló burú o. Láti ọdún 1908 ni Robert Yerkes àti John Dodson ti fi àwọn eku ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ sì ti ń fà yọ látìgbà náà pé ìdààmú díẹ̀ a máa jẹ́ kí ojú là. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ohun tí àwọn eléré ìdárayá ń ṣe

Ọgbọ́n tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò le. Òun ni kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó di ojú, kó sì fi ojú inú rin ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe lọ́la já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ibi tó máa jókòó sí, ohùn tó máa fi sọ̀rọ̀, ohun tí ẹnìkejì máa sọ, èsì tóun máa fọ̀. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe àdúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbàdúrà má gbà á. Ìfidánrawò ni, bí àwọn òṣèré ṣe máa ń fi eré wọn dánra wò kí wọ́n tó jáde síta.

Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2008, ní Beijing lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, Michael Phelps ọmọ Amẹ́ríkà bẹ́ sínú omi nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ìlúwẹ̀ẹ́ oní 200 mítà tí wọ́n ń pè ní labalábá ni, nítorí bí apá ṣe ń fẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe bẹ́ sómi báyìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú awò ojú rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé apá tó kẹ́yìn, kò ríran mọ́: kò rí ògiri tó ń lọ bá, kò rí àwọn tí wọ́n jọ ń díje. Ẹlòmíì ì bá gbé orí sókè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá sì parí sí. Phelps kàn ń ka iye ìgbà tí apá rẹ̀ ń gbá omi ni, nítorí pé ó ti mọ iye tó máa gbé e dé ògiri. Ó ka iye náà pé, ó na ọwọ́, ògiri nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.03. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sẹ́ni tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nínú irú ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, ó sì wà lára góòlù mẹ́jọ tí Phelps gbà ní Beijing.

Olùkọ́ rẹ̀, Bob Bowman, ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó tó sùn lálẹ́ àti nígbà tó bá jí láàárọ̀, kó máa wo "fídíò" ìdíje náà. Kò sí fídíò kankan níbì kan o, inú orí rẹ̀ ló ti ń wò ó. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn ni pé ibi tí nǹkan ti dáa nìkan kọ́ ni Phelps máa ń wò. Ó máa ń wo ọjọ́ tí awò bá bàjẹ́, ọjọ́ tí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ bá ya, àti ohun tóun máa ṣe sí i. Nígbà tí omi wá wọ awò lóòótọ́, ó ti bá a pàdé rí.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí ilé. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 nílùú Eugene, l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022. Obìnrin kankan kò tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nìyẹn o. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tó tún fi jáde fún àṣekágbá, ó sì gba góòlù pẹ̀lú 12.06, àmọ́ wọn kò fi èyí ka àkọsílẹ̀ tuntun nítorí atẹ́gùn tó ń ti àwọn asáré lẹ́yìn ju ohun tí òfin gbà lọ. Igi mẹ́wàá ló wà lójú ọ̀nà eré yẹn. Mítà 13 ni láti ibi tí wọ́n ti ń gbéra dé igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 sì ni láti igi kan sí èkejì. Asáré tó bá mọṣẹ́ ti mọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà kí ìbọn tó dún. Kò sí èyí tó máa ń dijú nínú wọn, kó máa sọ pé kò sí igi níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò

Ọ̀rọ̀ igi yìí ṣe kókó, nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́ àwọn oníṣòwò nínú ìpàdé amóríyá. Wọ́n á ní kéèyàn gé àwòrán jíìpù lẹ̀ mọ́ ògiri, kó máa wò ó láràárọ̀, kó máa rí ara rẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, owó á sì máa bọ̀. Ó dùn ún gbọ́ létí. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor ti Yunifásítì California ní Los Angeles gbé èsì ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdánwò. Wọ́n ní kí apá kan máa fojú inú wo bí inú wọn yóò ṣe dùn tó, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí máàkì tó ga. Wọ́n ní kí apá kejì máa wo ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé: ibi tí wọ́n jókòó sí, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa, ọ̀rẹ́ tó ní kí wọ́n jáde tí wọ́n dá lóhùn pé àwọn kò lọ. Àwọn tó wo iṣẹ́ kàwé jù, ọkàn wọn balẹ̀ jù, wọ́n sì ṣe dáadáa jù. Àwọn tó kàn ń wo máàkì kò rí èrè kankan nínú ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriele Oettingen, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì New York, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Lọ́dún 1991, òun àti Thomas Wadden rí i láàárín àwọn obìnrin tó fẹ́ dín sísanra kù pé àwọn tí àlá wọn dùn jù ni sísanra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2011, òun àti Heather Kappes rí i pé bí èèyàn bá ń fojú inú jẹ adùn ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ̀, ara a máa dẹ̀ bíi pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, agbára tó yẹ kó fi wá a á sì rọlẹ̀. Ẹni tó ti wa jíìpù káàkiri nínú ọkàn rẹ̀ láàárọ̀, kí ló tún fẹ́ẹ́ jí lọ sọ́jà fún?

Ohun tí Oettingen ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí wọ́n sì wo ohun tó máa dí wọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pàápàá èyí tó wà nínú ara wọn: ìtìjú, ìkánjú, ìbínú, ojú-àánú. Ọkọ rẹ̀, Peter Gollwitzer, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló ṣe ìwádìí tó fi hàn bí gbólóhùn kúkúrú kan ṣe lágbára tó: "Bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe." Ẹni tó bá ti so nǹkan méjèèjì pọ̀ ṣáájú kò nílò láti máa ronú nígbà tí wàhálà bá dé. Wàhálà náà ló máa rán an létí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Bí télọ̀ yẹn bá mọ èyí, báyìí ló ṣe máa rí. Ìṣirò ló máa kọ́kọ́ parí, nítorí pé ojú inú kò lè fi èrè síbi tí kò sí. Lẹ́yìn náà, ní alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọjọ́ náà tó pé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn, á jókòó síbi tí ariwo kò sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Á di ojú. Inú ojú ara rẹ̀ ló ti máa wo gbogbo ẹ̀, kì í ṣe bíi pé ó ń wo ẹlòmíì nínú fíìmù. Á rí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, á gbọ́ ariwo àwọn ọmọ iléèwé níta, á fọwọ́ kan bàágì tí ayẹ̀wò aṣọ wà nínú ẹ̀. Á jẹ́ kí wọ́n fi òun jókòó sí kọ́rídọ̀ pẹ́. Á jẹ́ kí télọ̀ kejì kọjá, kó sì máa rẹ́rìn-ín. Á jẹ́ kí àyà òun já díẹ̀ níbẹ̀, nínú yàrá ara òun, níbi tí jíjá àyà kò ti ná an ní kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ ló ti máa mí. Èémí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́: téèyàn bá mí sínú títí tó fi ka ẹẹ́rin, tó sì mí síta díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ka ẹẹ́fà, tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọkàn á dín lílù rẹ̀ kù. Èémí tó ń jáde ló gbọ́dọ̀ gùn jù. Ó ṣeé ṣe lórí àga kọ́rídọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀.

Á wá jẹ́ kí màdáámù sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn. Á sì fọ èsì rẹ̀ jáde lẹ́nu, kì í ṣe nínú ọkàn nìkan, nítorí pé ahọ́n náà ní ohun tó ń rántí: "Ẹ ṣé, mà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni jálẹ̀ tèmi. Ẹ wo bí mo ṣe rán ojú ẹ̀, ẹ fà á wò." Lẹ́yìn ìyẹn, á dákẹ́.

Dídákẹ́ yẹn gan-an ló le jù. Ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń nájà dáadáa á ti rí i: ẹni tó ń tà á pe iye kan, oníbàárà kò dáhùn, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kò tíì pé tí ẹni tó ń tà fi fẹnu ara rẹ̀ já a sílẹ̀. "Ó dáa, ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún àbọ̀ wá." Oníbàárà kò sọ nǹkan kan o! Ìdákẹ́jẹ́ ló dúnàádúrà, ó sì borí. Nítorí náà, ó yẹ kéèyàn fojú inú jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn nílé, kó ka ení dé ẹ̀wá, kó mọ̀ pé kì í pani.

Apá kan tún kù tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ẹ́ wò rárá, ìyẹn ni ibi tí màdáámù ti máa sọ pé, "Ẹ máa lọ nígbà yẹn." Ó yẹ kí télọ̀ wo ìyẹn náà. Kó rí ara rẹ̀ tó ń dúpẹ́, tó ń ká ayẹ̀wò aṣọ padà sínú bàágì, tó ń fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pé bí ẹni yẹn kò bá lè parí ẹ̀ lásìkò, kí wọ́n pe òun, tó sì ń jáde pẹ̀lú orí rẹ̀ lókè. Ẹni tí kò bá tíì rí ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọ̀ fún un, tó sì ṣì wà láàyè, kò lè kọ owó tí kò dáa.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ẹni tó ń lọ sí báńkì ní Ìlọrin tàbí ọ̀kan nínú àwọn báńkì kéékèèké tó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2005. Ìbéèrè wọn kò ṣàjèjì: èló lẹ ń pa lóṣù, ìwé ìṣirò yín dà, ta ni onídùúró yín, báwo lẹ ṣe máa san án bí ọjà kò bá tà? Ẹni tó bá mọ ìbéèrè tí kò sì fi èsì rẹ̀ dánra wò, òun ló fẹ́ẹ́ ya ara rẹ̀ lẹ́nu.

Álẹ́ẹ̀tì tí kò wọlé

Láti ìgbà ọ̀wọ́n owó tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi ọjọ́ 10 oṣù kejì ṣe gbèdéke fún owó àtijọ́, tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ní lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná an, àwọn tí kò fi fóònù gba owó rí náà ti kọ́ ọ. Irú pákáleke mìíràn bá a dé. Ẹ wo ẹni tó ń ta gàárì ní Àjàṣẹ́-Ìpò lọ́jọ́ ọjà. Oníbàárà kan ra àpò mẹ́ta, wọ́n ti ń dì í sínú mọ́tò, awakọ̀ ń tẹ fèrè, oníbàárà na fóònù jáde: "Màmá, mo ti fi ránṣẹ́, ẹ wò ó." Lójú fóònù oníbàárà, owó ti lọ. Lójú fóònù ìyá, kò sí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń wò. Ojú ń ti ìyá láti dá èèyàn dúró bí olè.

Jìbìtì lè wà níbẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì lè fà á lóòótọ́. Ìyá kò lè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan, ìtìjú náà ló sì máa pinnu fún un bí kò bá tíì pinnu nílé. Ibi tí "bí báyìí bá ṣẹlẹ̀" ti wúlò jù nìyí. Bí wọ́n bá ní àwọn ti fi owó ránṣẹ́ tí kò tíì wọlé, ọwọ́ òun á wà lórí àpò gàárì, òun á rẹ́rìn-ín, òun á sì sọ pé, "Ẹ má bínú, ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká jọ dúró kó wọlé. Ẹ fìdí kalẹ̀ síbí." Kó sọ ọ́ ní alẹ́ mẹ́ta léraléra, pẹ̀lú fèrè mọ́tò tó ń dún nínú etí ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ṣe pàtàkì bí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé oníbàárà tó jẹ́ olóòótọ́ kò gbọdọ̀ bá ìbínú lọ.

Ohun tí wọ́n rí ní Lomé

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìrònú kò kan owó, kó wo orílẹ̀-èdè Tógò. Ní Lomé, àwọn onímọ̀ kan, tí David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé àti Michael Frese, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Jámánì, wà lára wọn, mú 1,500 oníṣòwò kéékèèké, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, 500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ ìpín kan ní ẹ̀kọ́ òwò tí gbogbo ayé mọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, àkọsílẹ̀. Wọ́n kọ́ ìpín kejì bí oníṣòwò ṣe ń dá ara rẹ̀ gbé dìde, bó ṣe ń wo iwájú, bó ṣe ń mọ ìdènà tó lè yọjú kó tó yọjú, àti bí kì í ṣeé juwọ́ sílẹ̀ bó bá yọjú. Wọn kò kọ́ ìpín kẹta ní nǹkan kan. Wọ́n wá ń tẹ̀lé wọn fún ohun tó lé ní ọdún méjì.

Èsì tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2017 ni pé èrè àwọn tó kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo iwájú fi ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan lọ. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò àti ìpolówó jẹ́ ìdá 11, èyí tí àwọn onímọ̀ náà ní kò tó ohun tí àwọn lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà. Láàárín àwọn obìnrin, ìdá 40 ló jẹ́ fún ẹ̀kọ́ wíwo iwájú, ìdá 5 péré fún ti ìṣirò. Ẹ̀kọ́ náà ju kéèyàn dijú wo nǹkan lọ, ó yẹ kí èyí yéni. Ṣùgbọ́n wíwo ìdènà ṣáájú àti mímúra dè é wà nínú gbòǹgbò rẹ̀.

Ẹni tí kì í rí àwòrán nínú ọkàn

Àwọn kan á sọ pé bí àwọn bá di ojú, òkùnkùn nìkan làwọn ń rí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ojú inú èèyàn kò dọ́gba; lọ́dún 2015 ni Adam Zeman, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tilẹ̀ wá orúkọ fún ti àwọn tí kì í rí àwòrán kankan rárá. Kì í ṣe àìsàn.

Ọ̀nà tó rọrùn láti dán ara ẹni wò wà nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ rí, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó di ojú rẹ̀ nísinsìnyí. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Ǹjẹ́ ó ń rí ọ̀kan nínú wọn? Èyí tó jókòó lórí àpótí, tó di irun gàgàrà, tó mú ohun ìjà lọ́wọ́. Èyí tí orí ẹ̀ ti kán? Bó bá rí i kedere, kó máa lo àwòrán. Bó bá jẹ́ ohùn olùtọ́jú ibẹ̀ tàbí bí òkúta náà ṣe tutù ló kọ́kọ́ rántí, ohùn àti ọwọ́ ni kó fi máa dánra wò: kó máa sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, kó máa rìn ín nínú yàrá, kó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bí oníbàárà tó le, kó máa ná òun láìṣàánú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sì fẹ́ràn kí wọ́n ní kí àwọn fúngun mọ́ ọ̀gá!

Ó kù díẹ̀ kan nípa ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ fún ara wọn pé, "Fọkàn balẹ̀, fọkàn balẹ̀," ọkàn náà kì í sì í gbọ́. Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard rí i nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014 pé àwọn tó sọ fún ara wọn pé inú àwọn ń dùn sí ohun tí àwọn fẹ́ẹ́ ṣe, kọrin, wọ́n sì sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, dáadáa ju àwọn tó ń tiraka láti fọkàn balẹ̀ lọ. Ọkàn tó ń lù kì-kì fún ìbẹ̀rù àti èyí tó ń lù fún ayọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ó rọrùn láti yí orúkọ rẹ̀ padà ju láti dá a dúró lọ.

Ṣùgbọ́n bí ìjáyà bá ń bá èèyàn sùn tó ń bá a jí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò jẹ́ kó jẹun, tí kò jẹ́ kó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ti kúrò ní ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ máa wò. Dókítà ló kàn.

Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, yálà wọ́n gbà tàbí wọ́n kọ̀, kí oníṣòwò mú ìwé ìṣirò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kó kọ ohun kan ṣoṣo sẹ́yìn ẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ohun tóun fojú inú wò? Bóyá ọkọ màdáámù ló jókòó síbẹ̀ dípò rẹ̀. Bóyá wọ́n ní àwọn á san ìdajì báyìí, ìdajì nígbà tí iléèwé bá wọlé. Bóyá wọ́n béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò, kò sì sí lọ́wọ́. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ yẹn ló máa fi kún un lálẹ́ tí iṣẹ́ mìíràn bá tún yọjú.